Ṣé ẹ̀rù ló ń ba Michigan láti ju bọ́ọ̀lù ni?

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ọdún tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọ yunifásítì Michigan ní Ann Arbor ni mo ti ń bá wọn wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láti Ìbàdàn níbí. Ìgbà mìíràn wà tí mi ò ní fojú kan oorun títí aago mẹ́rin òru. Ohun kan ń bí mi nínú. Ẹgbẹ́ Michigan yìí, wọ́n á gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi lé asáré kan lọ́wọ́, á forí sọ àwọn géńdé, á ṣubú lẹ́yìn yáàdì mẹ́ta. Wọ́n á tún ṣe é. Wọ́n á tún un ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń ju bọ́ọ̀lù sókè, ó ń wu ojú í wò. Ṣé ẹ̀rù ló ń ba àwọn tiyín ni? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Michigan mọ̀. Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ yín ni.

* * *

Àbúrò, inú ò bí mi. Ẹgbẹ́ mi ni lóòótọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé lẹ́bàá Detroit, kò sì sí Sátidé tí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dá awuyewuye sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù. Jẹ́ kí n mú eré tí o ṣeé ṣe kó o rò pé ó dá ọ láre jù lọ, kí n sì fi hàn ọ́ ohun tí èmi rí níbẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Michigan lọ bá Penn State nílé wọn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni àjọ Big Ten, tó ń darí ìdíje tí Michigan àti Penn State wà nínú rẹ̀, ní kí Jim Harbaugh, kóòṣì àgbà, má dé orí pápá, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń jí àmì tí àwọn alátakò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wò. Sherrone Moore ló dúró nípò rẹ̀. J.J. McCarthy, quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ péré lọ́jọ́ náà. Méje nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ yáàdì 60. Nígbà tó yá, wọn ò jù ú mọ́. Ìṣísẹ̀ 32 tẹ̀léra nínú ìwé àkọsílẹ̀, sísáré ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fẹ́ jù ú, Penn State rúfin, kò sì wọ ìwé. Blake Corum gbé e sáré ní ìgbà 26, ó rí yáàdì 145 àti touchdown méjì, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá ọ̀tá. Wọ́n borí pẹ̀lú 24 sí 15.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, irú ohun tó o kọ yìí náà ni gbogbo ènìyàn ń kọ. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ Penn State tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí quarterback yára kọjá bó ṣe yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, wọn ò jẹ́ kí McCarthy rímú mí. Ẹni tó yára bẹ́ẹ̀ kì í sábà wúwo. Tí o bá ń ju bọ́ọ̀lù, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lò fún ọ. Tí o bá darí asáré sí i, pẹ̀lú géńdé méjì níwájú asáré náà, ó di dandan kó ja gídígbo, gídígbo kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Moore tó ń darí eré lọ́jọ́ náà ló ń kọ́ àwọn géńdé iwájú níṣẹ́. Ó mọ ohun tí apá wọn ká.

Ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé quarterback Penn State rí yáàdì 70 péré ní gbogbo ọjọ́. Ọ̀tá ò lè gba góńgó bọ̀, ìwọ lo wà níwájú. Kí ni o fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí?

* * *

Àǹtí kan tó ń gbé ní Houston ti dá sí i. Wọ́n ní eré àwọn baba ńlá ni sísáré, pé ayé òde òní, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ló ń gba ife.

Àǹtí mi, ìlú yín gan-an ni wọ́n ti dáhùn ìyẹn. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2024, àṣekágbá gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, Michigan pẹ̀lú Washington. Washington ní Michael Penix, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè fi bọ́ọ̀lù lé ọ lórí orúnkún láti òpópónà kejì. Ọ̀kan lára àwọn tó ju bọ́ọ̀lù jù lọ lọ́dún yẹn ni. Michigan sáré yáàdì 303 lé wọn lórí. Donovan Edwards já wọlé láti yáàdì 41, kò pẹ́ ó tún já wọlé láti yáàdì 46, a kò tíì lo ìdá kan nínú mẹ́rin eré tán. Corum kó 134 nínú rẹ̀. 34 sí 13.

Ẹni tó bá wo eré yẹn tó ní sísáré ti di ohun àtijọ́, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbà fún yín níbì kan, torí òtítọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ ọdún tuntun, ní Rose Bowl, eré ńlá ọdọọdún tó máa ń wáyé ní California, Alabama ń nà wá 20 sí 13, eré sì ń lọ sópin. Tó bá jẹ́ pé Michigan ò mọ̀ ju sáré lọ, ilé là bá lọ. McCarthy ló gbé wọn la yáàdì 75 kọjá. Ó dé ibi tí wọ́n ti lo ìgbìyànjú mẹ́ta tán nínú mẹ́rin tí wọ́n ní, tó ku yáàdì méjì, gbogbo Alabama sì ti ṣù mọ́ Corum bí esú ṣe ń ṣù mọ́ àgbàdo. McCarthy ju bọ́ọ̀lù sí Corum kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé e lọ. Roman Wilson ló gba èyí tó sọ eré di 20 sí 20. Lẹ́yìn náà, nínú àfikún àkókò, Corum sáré wọlé láti yáàdì 17, 27 sí 20.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, màá padà sí i: ẹgbẹ́ yẹn lè jù ú. Wọ́n kàn yàn láti má jù ú ni.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè pé àǹfààní wo ló wà nínú yáàdì mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìgbìyànjú mẹ́rin ni wọ́n fún ẹgbẹ́ láti rin yáàdì mẹ́wàá. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, o ti dé, wọ́n tún fún ọ ní mẹ́rin mìíràn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ti gúnyán rí? Tí ọmọ odó bá kọ́kọ́ kan iṣu, kókó-kókó ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé iṣu náà ò ṣeé gún. Ẹni tó ń gún un mọ̀ pé ó ń bọ̀. Asáré tó forí sọ ẹni tó wúwo tó kílò 140 nígbà ogún, ìgbà kọkànlélógún ni ẹni náà á dìde díẹ̀díẹ̀, ìgbà kẹtàlélógún ni kò ní tẹ̀ ba dáadáa mọ́. Yáàdì mẹ́ta tó rí ní aago kan di yáàdì mẹ́sàn-án ní aago mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí touchdown gígùn-gígùn fi máa ń wáyé nígbà tí eré bá ń parí lọ.

Ti aago náà tún wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí ó bọ́ sílẹ̀, aago dúró. Asáré tí wọ́n bì ṣubú láàárín pápá, aago ń lọ. Láti 2023 ni wọ́n tún ti yí òfin padà: tẹ́lẹ̀, aago máa ń dúró díẹ̀ nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ bá pé yáàdì mẹ́wàá, nísinsìnyí kì í dúró mọ́ àfi ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan. Òfin yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń sáré. Quarterback ọ̀tá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, á máa wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

* * *

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ yìí tó lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n: Olusegun Oluwatimi. Ọmọ Yorùbá, ó dàgbà ní Maryland. Iléèwé àwọn ọmọ ogun òfuurufú ló kọ́kọ́ lọ, ó bọ́ sí Virginia, ó sì lo ọdún 2022 ní Michigan. Ipò àárín ló dúró sí, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ kọjá sẹ́yìn kí ìjàkadì tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn ó gba Outland Trophy, ó tún gba Rimington Trophy, ìyẹn ni pé òun ni ẹni àárín tó dára jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn géńdé iwájú Michigan lápapọ̀ gba Joe Moore Award, àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn géńdé iwájú tó dára jù lọ, ní 2021, wọ́n tún gbà á ní 2022.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé sísáré ò gba ọgbọ́n. Ẹni àárín ló ń wo bí ọ̀tá ṣe tò, tó ń pariwo fún àwọn mẹ́rin yòókù ẹni tí kóówá wọn máa dojú kọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ní pápá tí ènìyàn tó lé ní 100,000 ti ń hó. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ yẹn nínú pápá, tí wọ́n ń fi ahọ́n gẹ̀ẹ́sì yí i, orí mi máa ń wú. Kò gbé bọ́ọ̀lù sáré lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ipasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.

* * *

Àbúrò láti Ìbàdàn ti padà dé. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọdún tí wọ́n gba ife nìkan lẹ ń sọ. Ọdún 2024 ńkọ́?"

O ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé mi.

Ọmọ mi ọkùnrin kejì gbá bọ́ọ̀lù yìí ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó sanra, ó ga, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa níhìn-ín, ojúẹsẹ̀ ni wọ́n fi í sí iwájú. Kóòṣì wọn fẹ́ràn sísáré. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún kẹta ọmọ náà, ẹni tí wọ́n fi ṣe quarterback ò lè ju bọ́ọ̀lù ré kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kóòṣì ò sì wá ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ eléyìí. Ó kàn ń sáré. Nígbà tó máa di eré kẹrin, gbogbo ọ̀tá tí wọ́n bá pàdé, ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tò síwájú ọmọ mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ náà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, èjìká rẹ̀ wú. Ó ní, "Dádì, wọ́n ń pe eré wa kí àwa tó pè é." Mo lọ bá kóòṣì náà sọ̀rọ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ó ní sísáré ni ìwà àwọn. Mo padà sílé, mo fi yìnyín pa èjìká ọmọ mi. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní, torí kì í ṣe ìwà, ọ̀lẹ ni.

Ẹni tó bá ń ta ayò mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ ayò rẹ bá ṣẹ́kù sí ilé kan ṣoṣo, ẹni tí ń bá ọ ta á ò ronú mọ́. Ó ti mọ ibi tí o máa gbé.

Báyìí, 2024. Harbaugh lọ, McCarthy lọ, Corum lọ, àwọn géńdé iwájú tó gba ife lọ tán. Moore di kóòṣì àgbà, ó sì ní kí àwọn máa sáré lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, Texas wá bá wọn ní Ann Arbor. Mo wà nínú pápá. Abala kìíní parí, 24 sí 3. Ẹgbẹ́ tó ń fi yáàdì mẹ́ta-mẹ́ta rìn ò lè sáré lé póìǹtì 21 bá. Kí oúnjẹ tó jinná, àlejò ti dìde. 31 sí 12 ló parí sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, USC, yunifásítì kan láti California. Gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n lọ́jọ́ náà, torí wọ́n borí, 27 sí 24. Kalel Mullings gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 63 nígbà tí kò ku nǹkan kan mọ́, òun náà ló tún wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 37. Yáàdì 290 ni wọ́n sá. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìwé àkọsílẹ̀, àyà mi já: quarterback ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 12, méje dé ọwọ́, gbogbo yáàdì rẹ̀ jẹ́ 32. Gbé e síbi 60 ti McCarthy lọ́jọ́ Penn State. Wọ́n jọra lójú. Wọn ò jọra rárá. McCarthy ní nǹkan lápò tí kò yọ. Ní 2024, àpò òfìfo ni, gbogbo Big Ten sì mọ̀ láìpẹ́. Illinois ní kí wọ́n má rí ju póìǹtì méje. Wọ́n parí ọdún pẹ̀lú ìborí mẹ́jọ àti ìfìdírẹmi márùn-ún.

* * *

Ẹnìkan ní, "Ṣebí ọdún 2024 yẹn náà lẹ na Ohio State nílé wọn, 13 sí 10, pẹ̀lú sísáré?"

A nà wọ́n, inú mi sì dùn dé ibi tí mo ní láti pe bàbá mi lórí fóònù láìka aago sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dènà ló ja ogun yẹn fún wa, pàápàá Mason Graham àti Kenneth Grant. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ohio State ló ṣe àṣìṣe tí àbúrò láti Ìbàdàn fi ń kan Michigan. Wọ́n ní Jeremiah Smith, wọ́n ní Emeka Egbuka, ọmọ tó lè gba bọ́ọ̀lù lójú òfuurufú, síbẹ̀ àárín ni wọ́n ń forí sọ, níbi tí Graham àti Grant dúró bí ògiri. Yáàdì 77 ni wọ́n sáré rí. Nígbà tí ìdíje ńlá dé, wọ́n fi bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n sì gba ife gbogbo Amẹ́ríkà lóṣù kìíní 2025.

Sísáré tí o kàn ń ṣe torí pé o fẹ́ fi han ayé pé o lágbára, ìyẹn ni mi ò fara mọ́.

Bákan náà lọ́dọ̀ wa. Òpin ọdún 2022, yunifásítì TCU na Michigan 51 sí 45. Corum ti fi orúnkún ṣèṣe nígbà tí wọ́n ń bá Illinois gbá, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà góńgó gan-an tí wọn ò wọlé: ẹ̀ẹ̀kan wọ́n dán ẹ̀tàn wò dípò kí wọ́n forí sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kejì bọ́ọ̀lù jábọ́. Ẹni tó bá gbára lé asáré gbára lé orúnkún asáré náà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn, torí ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń lò bí ọmọ odó.

* * *

Bàbá àgbà kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Michigan láti ilẹ̀, ní kí n má gbàgbé Bo Schembechler. Ó darí Michigan láti 1969 títí dé 1989, ó borí nínú eré 194, sísáré sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn ò fẹ́ fẹnu kàn ni Rose Bowl: Bo kó wọn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì ló borí. Ó ń jẹ gàba lórí àwọn ará ilé, àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà á wá nà án. Ọdún mọ́kànlélógún tó fi jẹ́ kóòṣì wa ni mo lè fi dá àbúrò lóhùn ju gbogbo àlàyé mi lọ, kò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi tán.

* * *

Àbúrò, o béèrè lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé báwo ni ìwọ tó wà ní Ìbàdàn ṣe máa mọ̀ bóyá yíyàn ni tàbí àìní. Má wo bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣísẹ̀, wo ẹ̀yìn pátápátá, àwọn ọ̀tá méjì tó máa ń dúró jìnnà. Tí àwọn méjèèjì bá dúró lọ́hùn-ún, ẹ̀rù quarterback wa ń bà wọ́n, àyè wà fún asáré. Tí ọ̀kan bá sún mọ́ iwájú, ka àwọn tó wà níwájú: méje, a lè sáré, mẹ́jọ, ó le, mẹ́sàn-án, kí wọ́n jù ú. Tí wọ́n bá dé mẹ́sàn-án tí Michigan ṣì ń fi lé asáré lọ́wọ́, tí quarterback ò tilẹ̀ díbọ́n, ìgbà yẹn ni kí o kọ̀wé sí mi ní aago mẹ́rin òru, a ó jọ bínú.

Wọ́n ti mú quarterback kan, Bryce Underwood, wọlé ní 2025, ọmọ Belleville nítòsí wa níbí, apá rẹ̀ le. Mo ti ń wo ẹ̀yìn ọ̀tá nígbà tó bá dúró. Ní àwọn ìgbà kan, wọ́n ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀.